Àpótí Tí Ó Ń Di Parasól Mú

Bàbá mi, Papa Parasól ti Glei,

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tàsí ṣì ń fi pè yín. Bí wọ́n bá dúró kí èrò wọn ra dùndú, wọ́n á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á sì béèrè yín. Mo máa ń ní ẹ ti lọ sinmi. Bí mo bá ní ẹ ti kú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn, dùndú á sì jóná.

Ìròyìn tí mo mú wá kò dára. Màmá wà ní ọsibítù ní Atakpamé. Òróró gbígbóná dà sí i lára, láti èjìká títí dé ọwọ́. Parasól, agbòòrùn ńlá tó ń ṣíji bo ìdí iná wa, ló ṣubú lu ìkòkò. Egbò náà kò fẹ́ jiná, ó ti ń rùn, nọ́ọ̀sì sì ti dẹ́kun àtimáa bá mi ṣàwàdà. Dókítà fi Faransé bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ẹ mọ̀ pé irin ẹsẹ̀ parasól yẹn fúyẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò gba oko mọ́, ẹ gbé pákó lé irin náà, ẹ gbé àpótí ìjókòó yín lé pákó, ẹ sì jókòó. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, ibẹ̀ lẹ wà. Àwọn ará ilé ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ẹ sá oko wá jókòó sábẹ́ ìbòòji ìyàwó yín bí ewúrẹ́. Gbogbo wa la jọ ń rẹ́rìn-ín. Dùndú tó bá jóná lẹ ń jẹ, torí Màmá ní títà lòun ń ta èyí tó dára.

Bí kámíọ̀ ńlá akẹ́rù bá ń sáré bọ̀ láti Notsé, tàbí tí òjò bá ṣú lẹ́yìn òkè, ẹ ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Màmá á sún kúrò nídìí iná. Ẹ ó sún ìdí sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ ó fi ọwọ́ òsì di òpó parasól mú, afẹ́fẹ́ á sì kọjá. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní iṣẹ́.

Nígbà tí ẹ kú, tántì mi ti Moretan, àbúrò yín obìnrin, gbé àpótí yín wọlé, ó sì dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ẹ mọ àṣà ilé wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sórí rẹ̀, tàbí síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, títí a ó fi ṣe òkú yín parí lẹ́yìn ìkórè iṣu. A bọ̀wọ̀ fún yín. A kó òkúta lé pákó, ó tán. Ṣùgbọ́n òkúta kì í wúkọ́, Bàbá. Òkúta kì í sún ìdí. Afẹ́fẹ́ òjò àkọ́kọ́ dé, òkúta yí dànù, parasól sì wó nígbà tí Màmá ń yí dùndú padà lórí iná. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ẹ̀yin lẹ ń di parasól yẹn mú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, a kò sì mọ̀.

Tántì ní ẹ̀yin lẹ bi parasól náà ṣubú, pé inú ń bí yín nítorí a fi òkú yín falẹ̀. Mo bú u. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bú àbúrò yín lójú gbogbo èrò ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ́ kí iná ta sí Màmá lára? Síbẹ̀ mo ń béèrè, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ni? Ṣé inú ń bí yín?

Bí aláìsàn kan bá wúkọ́ nínú yàrá ọsibítù, Màmá á gbìyànjú láti sún kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ á wà ní pípadé. Lánàá ó ní, “Bàbá ọmọ mi, jókòó dáadáa o.” Mo jáde lọ sunkún lẹ́bàá kànga.

Owó oògùn Màmá kì í dúró de ìkórè iṣu. A gbọ́dọ̀ tà. Àbúrò mi obìnrin ló ń dín dùndú báyìí, ẹ̀rù sì ń bà á. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ yìí, mo gbé àpótí yín kúrò lára ògiri. Tántì káwọ́ lérí: “Hẹ̀ẹ́! Mon Dieu! Ẹ wá wo ọmọ yìí, àpótí bàbá rẹ̀ tí a kò tíì ṣe òkú rẹ̀!” Mo gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé e lé pákó, mo sì jókòó.

N kò mọ̀ pé ó ń dun ẹ̀yìn tó báyìí. Báwo lẹ ṣe ṣe é tí ẹ kò ráhùn? Nígbà tó di ọ̀sán, kámíọ̀ kan ń bọ̀ láti Notsé, mo sì wúkọ́ kí n tó mọ̀. Àbúrò mi fò kúrò nídìí iná, ó wò mí, ó sì bú sẹ́kún. Mo sún ìdí, mo di òpó mú. Parasól mì, kò wó.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú nítorí àpótí, èmi nìkan ni kí ẹ bínú sí. N kò ní dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì gbé àpótí kalẹ̀ fún Màmá lọ́hùn-ún.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó jókòó sípò yín.