Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ sí Tóyè Nítorí Bọ́ọ̀lù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti kọ́ ilé kẹta o, sí Dàda Estate. Ẹ mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, síbẹ̀ lọ́yà méjì ló ń háyà ilé lọ́wọ́ mi ní Òkè Baálẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n tìyẹn kọ́ ni mo fi kọ̀wé. Inú ń bí mi, Bàbá, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí.

Ẹ ò bá Tóyè láyé, ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí sí Ọsirélíà. Bọ́ọ̀lù ló ń jù jẹun ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń jù sí ẹni tó mú igi dání. Òun kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Á jókòó síta títí yóò fi rẹ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Ọdún kẹsàn-án rèé: wọ́n á gbé e sókè sí ẹgbẹ́ àgbà, wọ́n á tún dá a padà sọ́dọ̀ àwọn kékeré. Èmi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ni ọ̀gá wọn. Ẹnu gígùn yìí, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kó àwọn lándílọọ̀dù jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n mi. A jókòó títí, a ò rí Tóyè. Bàbá Rísí tó ń ta pákó ní, “Àbí omi ló ń gbé fún wọn ni, Bàbá Olówó?” Nígbà tó yọ níkẹyìn, ọ̀mì ni wọ́n wà. Bọ́ọ̀lù kẹta tó jù, ẹni tó mú igi gbá a kọjá ọgbà. Eré parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù.

Lọ́jọ́ kejì, lójú Bàbá Rísí, mo tẹ Tóyè láago. Mo ní ẹni tó bá dé oko ọ̀wẹ̀ nígbà tí oòrùn ti wọ̀, oúnjẹ ló wá jẹ. Ó ní, “Ó dáa, Bàbá àgbà.” Láti ìgbà náà, kò gbé fóònù mi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá rẹ̀ tó là mí lóye. Nígbà tí eré bá le jù, tí ẹ̀rù bá ń ba gbogbo ẹgbẹ́, ni wọ́n ń pè é. Èjìká sì ti ń dùn ún lọ́jọ́ náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ta ló yẹ kó mọ̀ ju èmi lọ? Bí òjò bá ṣú sórí kòkó tí a sá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kọ́ lẹ máa ń pè, èmi ni! Ọjọ́ tí òjò sáré jù mí lọ, tí kòkó tutù, ẹ lù mí. Ẹ ò bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ mú ẹran inú àwo yín, ẹ gbé e sí tèmi, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ó ti tán nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ mi. Ẹran wo wá ni kí n bù fún ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà? Mo fi òfì gidi ránṣẹ́ sí i, kò wí nǹkan kan. Lánàá, mo di fóònù mú kí n gba ohùn mi sílẹ̀ fún un. Ikọ́ nìkan ni mo wú síbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Bàbá? Kí ni èèyàn kọ́kọ́ ń wí?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ kọ́ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi ẹ̀bẹ̀.