Ìyá Tuntun fún Oníjà

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: Òkú oyin mẹ́fà lójú fèrèsé káfíńtà tó múlé tì wá. Ojú ọ̀tún káfíńtà fúnra rẹ̀, ó wú dí. Àpótí oyin tí a ń pè ní Oníjà, ó ń hó bí omi orí iná. Àpótí Jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dá sí i. Kẹrosíìnì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Màmá, olóyin tí mò ń bá ṣiṣẹ́.
Wọ́n ní àwọn máa sun Oníjà. "Ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ìyá wọn ṣe bí wọn nìyẹn." Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n fi wádìí bóyá ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo so ìbọ̀sẹ̀ dúdú mọ́ ọ̀pá, mo ń fì í lẹ́nu ọ̀nà àpótí méjèèjì, mo ń ka ẹ̀gún tó kù sára rẹ̀. Oníjà — ẹ̀gún oyin mọ́kànlélógójì. Jẹ́jẹ́ — mẹ́tàdínlógún. Mẹ́tàdínlógún kẹ̀? Àpótí tí a ń ṣí láìwọ ìbọ̀wọ́.

Ọjọ́rú, 6
Òmùgọ̀ ni mí. Ìbọ̀sẹ̀ kan náà ni mo lò. Òórùn oró Oníjà ló pe Jẹ́jẹ́ sógun. Mo mú tuntun: méjì péré.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọmọ oyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú afárá, ọgọ́rùn-ún láti àpótí kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọ̀dà èékánná sàmì sí wọn lẹ́yìn. Ọmọ Oníjà, funfun: ó lọ gbé lọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Ọmọ Jẹ́jẹ́, pupa: ó lọ gbé lọ́dọ̀ Oníjà.
Káfíńtà yọjú lórí ògiri. Ó ní, "Àǹtí Olóyin, ìgbéyàwó ta ni wọ́n ń lọ?" Mo ní tìrẹ ni, bí ojú ẹ bá lọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ojú dùn ún.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Òjò. Kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Ajé, 25
Ìbọ̀sẹ̀ tuntun. Oníjà: pupa mọ́kànlá bá wọn jáde wá jà. Ọmọ Jẹ́jẹ́ ni wọ́n o — ilé ló kọ́ wọn. Jẹ́jẹ́: funfun mẹ́rin, onílé ẹyọ kan. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá gbé náà wà níbẹ̀.
Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n Màmá. Kí a pa ìyá oyin Oníjà, kí a fi ọmọ tí ìyá oyin Jẹ́jẹ́ bí rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tó: àwọn àgbà yóò kọ́ àwọn ọmọ tuntun níjà. Nítorí náà kí a gbé Oníjà kúrò nígbà tí àwọn àgbà bá wà lóko, kí a gbé Jẹ́jẹ́ sójú ibẹ̀. Tí wọ́n bá dé, ilé Jẹ́jẹ́ ni wọn yóò wọ̀.
Wọ́n ní, "Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀." Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ èmi ni kí n pa ìyá náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Afárá keje ni mo ti rí i. Ó gùn, ó ń dán. Kò kọjú ìjà sí mi rárá. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Lẹ́yìn náà a fi ìyá tuntun sínú Oníjà nínú àgò wáyà kékeré, a sì pààrọ̀ àyè àpótí méjèèjì. Àwọn àgbà dé pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀, wọ́n rábàbà, wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Jẹ́jẹ́ gbà wọ́n. Nínú Oníjà, àwọn ọmọdé ti ń fún ìyá tuntun lóúnjẹ láàárín wáyà àgò rẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n Màmá ní, "A ò sun wọ́n mọ́." 
Oyin ta mí níbi márùn-ún. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó dùbúlẹ̀.