Kọnkéré Àjà Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, 8 Jánúárì 2007
Baba Renato ní hòtẹ́ẹ̀lì National Harbor tí à ń kọ́ yìí làwọn máa fi kógbá iṣẹ́ wọlé. Ọmọ Ítálì ni wọ́n, ọ̀gá wa pátápátá ní Maryland. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti ń po símẹ́ǹtì, wọ́n ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin báyìí. Wọ́n lo ọdún mọ́kànlá n'Íbàdàn. Kò sí kọnkéré wọn kan tí ẹnikẹ́ni tíì fọ́ rí. Ta ni igbá-kejì wọn, tí yóò jókòó sága wọn? Èmi Àrínọlá ni. Orí mi wú!

Ìṣẹ́gun, 9 Jánúárì
A da kọnkéré àjà kẹrin. Òtútù yẹn, háà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń bo kọnkéré kí omi inú rẹ̀ má baà di yìnyín kò tíì dé. Baba ní ká máa dà á lọ, pé yóò dé kó tó di ọ̀sán. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ogún òṣìṣẹ́ ló dúró tì wá — kí n wá ta ko àgbà lójú gbogbo wọn? Mo dúró títí Baba fi dá wà ní ọ́fíìsì, mo wá rọra sọ ọ́. Nígbà yẹn, a ti dà á tán. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni bùláńkẹ́ẹ̀tì dé.

Ọjọ́rú, 10 Jánúárì
Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Mi ò kábàámọ̀. Ó dáa, mo kábàámọ̀ díẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 16 Jánúárì
Àyẹ̀wò ọjọ́ méje. Agbára kọnkéré náà ò tó ìdajì ohun tó yẹ. Baba ní ká ní sùúrù di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí a dà á, ó ṣì ń gan. Bí kò bá yege, a ó fọ́ ọ, orúkọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta kọ́ á sì bàjẹ́.

Sọ́ńdè, 21 Jánúárì
Mo gbàdúrà fún kọnkéré ní ṣọ́ọ̀ṣì. Délé, ọkọ mi, fi mí rẹ́rìn-ín títí — òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òru dé, tó yẹ kó máa sùn! Mo ní Ọlọ́run tó dá òkúta ló ni símẹ́ǹtì náà.

Ìṣẹ́gun, 6 Fẹ́búárì
Kò yege.

Ọjọ́rú, 7 Fẹ́búárì
Michelle wá láti olú ilé-iṣẹ́, ó pe èmi àti Baba àti gbogbo ọ̀gá kéékèèké sí mítìn. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni kìlọ̀ ká tó da kọnkéré. Baba ní bẹ́ẹ̀ ni, Àrínọlá kìlọ̀, àwọn ni àwọn ò gbọ́; kí Michelle gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn, kó gbé e fún mi. Michelle ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Baba purọ́ nítorí mi! Àga tí mò ń wá rèé o, ọ̀fẹ́.

Mo dìde lójú gbogbo wọn. "Rárá, Baba. A ti dà á tán kí n tó sọ."

Baba kọjú sí Michelle. "Òun náà ni kí ẹ gbé e fún. Láti òní lọ, kò ní dúró kí àgbà kankan dá wà kó tó sọ̀rọ̀."

Michelle ní kí Baba máa lọ sinmi. Kí èmi darí fífọ́ kọnkéré náà lọ́la, títí a ó fi gbọ́ ohun tí olú ilé-iṣẹ́ máa ṣe sí mi. Ẹ̀rù ò bà mí. Nígbà tí a jáde, Baba béèrè bóyá àwọn lè wá wò ó. Mo ní kí wọ́n má wá. Kọnkéré ọ̀gá mi ni, èmi ni n ó fọ́ ọ.