Ìjàkadì Àjókòójà ní Bìní

Ìpele, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀,
Oṣù Ẹrẹ́nà, 2009.

Iredélé ọmọ mi, akọni inú yàrá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, àbí wọ́n tún ti fi ẹnu ṣẹ́ ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín? Àwa ńkọ́, Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ Kíkẹ́lọmọ ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ká páànù ẹ̀yìnkùlé wa lọ. Kí Olúwa tó mú ọ dé yunifásítì má ṣe jẹ́ kí o gbàgbé ohun tó gbé ọ débẹ̀, ìyẹn ìwé, bí ìwé bá ṣì wà lára ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù ló dá gbogbo ọ̀ràn yìí sílẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò sì tíì parí ìjà. O rántí ọjọ́ Àìkú tí o pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Kíkẹ́lọmọ tẹ ibì kan lára fóònù náà, ohùn rẹ sì gba pálọ̀ kan. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ tí o ní Adégbọlá, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ti dalẹ̀ rẹ. O ní o kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé àga onírin, ó là á mọ́ ọ lẹ́yìn lójú ọ̀kẹ́ ènìyàn, bẹ́líìtì rẹ sì ti lọ. Mo ké sí ọ, fóònù kú. Ìwọ náà wo ohun tí bàbá máa rò: ọmọ mi wà nílùú onílùú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń já bọ́ lójú gbogbo ayé.

Ilé Títíloyè, ìyá Adégbọlá, ni mo gbà lọ tààrà. Títíloyè tó gbé ọ nígbà tí ìyá rẹ kú fi ọ́ sílẹ̀ lọ́mọ ọwọ́, tó ń fi ọmú ọ̀tún fún ọmọ rẹ̀, tó ń fi tòsì fún ọ. Ó ní kí n wọlé wá jókòó. Mo ní n kì í jókòó nílé ọ̀dàlẹ̀. Mo ní ọmọ tó bí kò jọ bàbá rẹ̀, kò sì jọ ènìyàn. Ó wò mí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Inú mi dùn nígbà yẹn, mo rò pé mo ti borí.

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ Bìní nìyẹn, tí mo ń béèrè ọ̀nà títí mo fi dé Upper Sakponba yín, iṣu nínú àpò, ọ̀pá lọ́wọ́. N kò tíì kan ilẹ̀kùn tí mo fi gbọ́ ohùn Adégbọlá lójú fèrèsé. Ó ní láti ọjọ́ tí ẹ ti jọ ń jẹun lòun ti kórìíra rẹ, pé lónìí lòun máa ṣẹ́ ọ lọ́rùn. Ṣé kí n dúró gbàdúrà ni? Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo sì ti fi ọ̀pá gba Adégbọlá léjìká kí ojú mi tó là. Ẹ̀yin géńdé, irùngbọ̀n kún àgbọ̀n, ẹ jókòó yí tábìlì ká, gúgúrú àti ẹ̀pà wà níwájú yín, ẹ ń ju dáìsì bíi ti lúdò. Ẹni tó bá ju mẹ́fà á ní òun ti gbé ẹnìkejì sókè, ẹni tó bá ju oókan á ní ẹsẹ̀ òun ti yẹ̀. Kò sì sí ẹni tó dìde! Mo ti rí ìjàkadì láyé mi o, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń jókòó jà, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé lẹ ni ín.

Adégbọlá di èjìká mú, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀ sà. Osarodion, ọmọ Bìní tó ń darí eré náà, ní, “Papa, abeg, na play. Na story we dey do.” Ó ní bíi rẹ́sílìn inú tẹlifíṣọ̀n ni, pé níbẹ̀ pàápàá wọ́n ti máa ń mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó jáde, ọ̀kan á ṣe ẹni rere, ọ̀kan á ṣe ẹni ibi, ẹni tó bá borí á gba bẹ́líìtì, èrò á máa hó. Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá Adégbọlá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, gbààwẹ̀ nígbà kan kí oníjàkadì oníbòjú pupa kan lè borí nínú tẹlifíṣọ̀n ilé tísà. Ó borí, a sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n ti ṣèpàdé lórí rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ní kí èmi náà wá ṣeré kí n lè rí i pé kò sí ìjà. Osarodion bi mí pé agbára wo ni mo ní. Mo ní mo lè kọ ebè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ẹ̀rí ní kóòtù. Ó ní ìwọ wà nílẹ̀ báyìí, Adégbọlá sì tún ti gbé àga sókè, kí ni màá ṣe? Mo ní màá gba àga náà, màá jókòó lé e, màá sì bi wọ́n léèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Ẹ wo ara yín. Mo ju dáìsì, ó bọ́ sí mẹ́fà, àga di tèmi.

Mo bi Adégbọlá pé kí ni ìwọ fi ṣe é. Ó kọ́kọ́ ń bú ramúramù bí ẹni ibi, lójijì ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní o ti gba yàrá ní GRA, àdúgbò àwọn olówó, lọ́dọ̀ ọmọ òṣìṣẹ́ báńkì kan, pé o fẹ́ fi òun sílẹ̀, ẹnu ará ṣọ́ọ̀ṣì lòun sì ti gbọ́. Ìwọ wolẹ̀. Osarodion rò pé inú eré la ṣì wà, ó ní èrò ti ń hó lé èmi lórí torí pé ìjà ni wọ́n wá wò. Iredélé, ọ̀kẹ́ ènìyàn tí kò sí níbẹ̀ hó lé bàbá rẹ lórí, ó sì dùn mí dénú eegun. Èwo ni eré níbẹ̀, èwo ni òótọ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èyí tí mo rí ni pé ẹ̀yin méjèèjì jáde lọ sẹ́yìn ilé, ẹ pẹ́, nígbà tí ẹ sì padà, Adégbọlá ló bẹ iṣu, ìwọ lo gún un, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ GRA.

Tiyín parí lórí tábìlì. Tèmi wà nílẹ̀ gidi, kò sì sí dáìsì níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé Ìpele, mo lọ bá Títíloyè, kò ṣílẹ̀kùn. Èmi Akínwùmí bá jókòó sórí ilẹ̀ lásán lójúde rẹ̀, àwọn tó ń lọ sóko ń kí mi kú ìjókòó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Ó bi mí láti inú ilé pé ṣé inú eré náà ni mo ti wá bú òun. Mo ní rárá, ìyẹn, èmi fúnra mi ni. Ó ní ọ̀pá tí mo fi lu ọmọ òun, ṣé ó dùn ún? Mo ní ó dùn ún. Ó ní kí ni ọmọ náà wá ṣe? Mo ní ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi káàbọ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹkún. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, “Ọmọ mi nìyẹn, Bàbá Iredélé. Ọmọ tí ẹ ní kò jọ ènìyàn.” Mo ṣí fìlà, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní òun kò ní dárí jì mí tán títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi jọ wálé ní Àjíǹde, kí òun fọwọ́ kan èjìká náà. Nítorí náà ẹ wá o. Kí o mú owó páànù dání, ìwọ̀nba tí o bá rí. Má ṣe fi í sí báńkì. Èyí tí o san síbẹ̀ ní Kérésìmesì, o ní owó tuntun ni, àkísà owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi. Títíloyè tún ní kí n bi Osarodion bóyá obìnrin lè bá yín ṣeré yẹn. Mo ní bó bá lè ṣe é, kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ó ní ẹni ibi ni, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣe ẹni rere ní Ìpele yìí, ó sì ti sú òun.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì di ọ̀tá ara yín, ì báà ṣe láyé, ì báà ṣe lẹ́nu. Ẹ ó ṣe é re. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínwùmí.