Fóòmù Inú Ìjókòó Ọ̀kadà Moṣọpẹ́

Abúlé Ṣọlágbadé,
Ọ̀nà Ìlaròó.
Ọjọ́ Ẹtì.

Moṣọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ tó bó ti ń jinná? Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí, àfi bàbá rẹ tí ikọ́ kò tíì fi sílẹ̀ pátápátá, àti ewúrẹ́ wa tó bí méjì tó sì kọ̀ láti fún ọ̀kan lọ́mú. Olúwa tó mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Igbó-Elérin tó sì mú mi padà láìsí ewu yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ, lórí ilẹ̀ àti lókè ilẹ̀. Àmín.

Má wo bí ìlà ìwé yìí ṣe ń gun òkè. O mọ̀ pé ọdún kìn-ín-ní mi nìyí ní kíláàsì àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, tábìlì ibẹ̀ sì kàn mí ní àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń na ọwọ́ sókè kọ̀wé bí ẹni ń sá aṣọ. Tísà Ọláyínká ní mo ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá wọ́n kàn ń ṣàánú mi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ya méjì, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ nira láti sọ.

Kí n tó dé orí rẹ̀, jọ̀wọ́ bá mi kí obìnrin inú fóònù rẹ, èyí tó ń fi òyìnbó sọ fún ọ pé kí o yà sọ́wọ́ òsì, kí o yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ, wọn ò dá mi lóhùn, mo sì ń rò ó bóyá mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó mọ gbogbo àdúgbò Ajangbadi láìjáde nílé, ó yẹ kí o máa bọ̀wọ̀ fún wọn. O máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò dára.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà rẹ ló wà lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ tí mo dé tí mo rí ọ lórí rẹ̀ ní Iyana-Iba, ìka ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló ń kan ilẹ̀, o jọ adìyẹ tó bà lókùn. O ní ó ga jù fún ọ, pé o ti bá a ṣubú lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọbẹ̀ oníbàárà, àti pé Madamu Florence tí ò ń bá gbé oúnjẹ kiri ti ní bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíì ni àwọn yóò gbà. O gbé e lọ fún Àkànjí mẹkáníìkì. Nígbà tí o gbé e dé, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Mo fi ojú mi rí i.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi ọwọ́ tẹ ìjókòó náà, ó pẹlẹbẹ bíi pákó. O ní Àkànjí gé fóòmù inú rẹ̀ dànù ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. O rántí tìmùtìmù ìgbéyàwó mi tí mo gbé fún Àdìó aránṣọ kó bá mi tún un rán? Pẹlẹbẹ ló gbé e padà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láyé òde òní. Kò pé oṣù méjì tí mo bá òwú mi nínú ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀. Mo mọ òwú mi. Mo bá sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti ja ọmọ mi lólè.

Lọ́jọ́ Sátidé tí o lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ṣí ìjókòó náà bí mo ṣe rí i tí o ń ṣí i, mo gbé e rù, ó di ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń rán àga ní Ajangbadi. Ọmọkùnrin kan bi mí lójú ọ̀nà pé Màmá, ṣé ẹ ti jẹ ìyókù ọ̀kadà náà ni. Ọkùnrin aláàga bi mí pé ṣé ẹni tó ń gùn ún ga. Mo ní ó ga. N kò parọ́, Moṣọpẹ́. Nílé wa, ta ló ga tó ọ? Ìwọ lo máa ń bá wa gbé ìkòkò sórí àjà. Ó bá kún un dáadáa, ó fi fóòmù díẹ̀ ṣe ènì, ó sì fi awọ dúdú bò ó. Mo dá a padà sáyè rẹ̀ kí o tó dé. Mo ní bí o bá jókòó lé e, inú rẹ yóò dùn, n ó sì ti délé.

Ìwọ tí o máa ń ti orí àtẹ̀gùn gùn ún, o kò mọ̀ títí o fi dé Iyana-Iba lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí o na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ tí o kò rí i, tí o sì bá ọbẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí o pè mí tí ò ń sunkún, pé Madamu ní kí o wá sọ tẹnu rẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, pé Àkànjí ṣe awúrúju fún ọ, pé o ti pè é ní gbájú-ẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní n kò gbọ́ ọ, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Mo gbọ́ ọ ketekete. Èmi ni.

Kò tíì yé mi síbẹ̀. Mo bi Tísà, n kò dárúkọ rẹ, wọ́n ní ẹni kúkúrú gbọ́dọ̀ jókòó sísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹlẹ̀. Mo ní èmi kúkúrú tí mo jókòó sísàlẹ̀ yìí, kí ló dé tí tábìlì fi kàn mí ní àgbọ̀n? Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní ká lọ sinmi.

Bàṣírátù tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Iyana-Iba ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la. Gbé e lọ fún Àkànjí, kà á sí i létí, kí o kúnlẹ̀. Bó bá fẹ́ gé fóòmù náà, kó gé e. Kí o tún kà á fún Madamu Florence, kí wọ́n mọ̀ pé ìyá rẹ ló da ọbẹ̀ wọn nù. Bí wọ́n bá ní kí n wá, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, n ó wá bẹ̀ wọ́n. Fi owó ìwé ìkọ̀wé kún un, èyí tí mo ní ni mo ya.

Fóòmù tí Àkànjí bá gé, má jẹ́ kó dà á nù o. Dì í fún Bàṣírátù. N ó fi sábẹ́ ìdí mi ní kíláàsì.

Ibi tí o bá dúró sí, ilẹ̀ ò ní jìnnà sí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní wá a tì.

Èmi ni ìyá rẹ tó gbé ọ ga jù.