Àwọn Àna Wá Wo Ọ́ Nínú Fóònù

Rore,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Mubashir ọmọ mi, Àkànbí,

Asalaamu alaekun. Mo fẹ́ kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú bírò ni ọwọ́ mi dúró. Ẹni tó wà lóko là ń kí pé o kú iṣẹ́, ẹni tó jókòó sábẹ́ igi là ń kí pé o kú atẹ́gùn, ẹni tó wà lójú omi, àdúà là ń ṣe fún un. Ìwọ tí o ní o ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn baba ńlá wa ò fi ìkíni tìrẹ sílẹ̀ dè wá. Mo kí ọ ní gbogbo rẹ̀, kí o mú èyí tó bá bá ọ mu. Ṣé òkun ò tíì gbé kọ̀ǹpútà lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ tí o ò fojú rí rí ṣì wà láàyè? Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ ọ lórí ilẹ̀, á máa ṣọ́ ọ lórí omi, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ò ti mọ èyí tí o wà lórí ẹ̀. Àmín.

Àlàáfíà la wà nílé. Òjò ti dé, ọ̀nà Òkè-Ọdẹ sì ti di ọbẹ̀. Adéyanjú tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀mù-Àrán ló máa ya ìwé yìí, tí á jù ú sí ọ lórí Wasáàpù, torí ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, o máa ń ní o wà ní mítíìnì, èmi a sì máa gbọ́ ìgbì omi níbi mítíìnì náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn àna rẹ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Wọ́n wá láti Òwu-Ìsin ní Sátidé tó kọjá. Alhaji Àhmádù, bàbá Hafeezat, ló ṣíwájú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fulera tẹ̀lé e, Hafeezat fúnra rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn wọn, ó borí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ àwọn ń ṣe. Bàbá rẹ wúkọ́, ó ní iṣẹ́ rìmóòtù ni. Alhaji béèrè bóyá o ń tún un ṣe ni àbí o ń tà á. Bàbá rẹ ní òun ò mọ̀ délẹ̀, pé rìmóòtù tilé wa ò ní bátìrì láti ọjọ́ tí Lubabah ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ó hàn pé tẹlifíṣọ̀n àwọn Òyìnbó pọ̀. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní rárá o, ọ̀gá rẹ wà nílùú Òyìnbó, ìwọ wà ní erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Sansibá, kò sì sí ẹnì kankan níbi tí iṣẹ́ gan-an wà. Ìyá Fulera ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ni a bá ní kí wọ́n kúkú fojú rí ọ. Mo gbé fóònù ti fùláàsì, o sì yọ síta. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì lọ́rùn, ojú ń dán, inú mi dùn. Ẹnu rẹ ń lọ sókè sódò, ohùn ò jáde. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ilé iṣẹ́ yín máa ń pa ẹnu òṣìṣẹ́ kí wọ́n má baà ṣòfófó lásìkò iṣẹ́. Alhaji mirí, ó ní ètò náà dára, òun mọ àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣe é fún nílé òun, ó sì wo àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ohùn dé, o kí wọn dáadáa, àfi bí ẹ̀kọ́ ilé tí mo fún ọ ṣe tú ọ fó. O dìde láti dọ̀bálẹ̀. Àkànbí, lábẹ́ táì yẹn, pátá ìlúwẹ̀ẹ́ kékeré báyìí ló wà níbẹ̀, tòun tòdòdó. Ìyá Fulera ké asitafirulahi, ó fọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń yọjú láàárín ìka. Kíá ni mo ní yunifọ́ọ̀mù yín ni, ìdodo ni ilé iṣẹ́ ránṣọ náà dé, ìyókù di ìparí oṣù. Nẹ́tíwọ̀kì tó máa ń sá lọ lójoojúmọ́ ò lọ lọ́jọ́ náà o. Ńṣe ló dá ọ dúró gbagidi, ìdí lókè, ẹnu ní yíyà, Ìyá Fulera rò pé gìrì ló mú ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatu Kurisiyu sí fóònù mi.

Nígbà tí o tún mira, Alhaji rọra béèrè bí o ṣe ń pín ọjọ́ rẹ. O ní gbogbo rẹ̀ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àárọ̀ fún iṣẹ́, ọ̀sán fún òkun, ìrọ̀lẹ́ fún ìgbafẹ́. Alhaji ní bí ara ọmọ bá wá gbóná ńkọ́, inú èwo ló máa bọ́ sí? O rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. O ní ọ̀gá ń pè ọ́, o sì pa àna dé. Wọn ò mu sóbò tí mo ṣe tán. Wọ́n ní àwọn á lọ rò ó.

Bàbá rẹ ní kí òun tó dá ọ lẹ́bi, ó yẹ kí òun dán an wò. Ní Mọ́ńdè, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó ń fi fóònù darí àwọn alágbàṣe tó ń ro oko iṣu wa. Ó ń pè wọ́n, wọ́n ń ní àwọn wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró ọmọ ayò lẹ́yìn wọn, ó ní ọkọ́ ló ń kan òkúta. Kí n má parọ́, ó gbádùn ara rẹ̀ gan-an. Nígbà tó wá dé oko, koríko ti ga ju ewé iṣu lọ, àwọn alágbàṣe sì na tàntàn sábẹ́ igi emi, wọ́n ní Bàbá, àwọn náà ti wà lórí rìmóòtù. Kò bá wọn jà. Ó wálé, ó fọ ẹsẹ̀, ó ní iṣẹ́ rẹ dára púpọ̀, pé ohun kan ṣoṣo tí ò yé òun ni ẹni tó ń bá yín ro oko náà.

Bí owó bá wà, fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa. Orúnkún bàbá rẹ ń fẹ́ òògùn ìpara, òrùlé ilé ìdáná ń jò, kí o sì rántí dátà mi, tí gbogbo wa fi wo ìdí rẹ tán.

Mo ti ń wá ibi tí màá fọwọ́ sí nígbà tí Hafeezat wọlé, òun nìkan. Kò béèrè àga. Ó jókòó tì mí, ó ń bá mi bó ẹ̀gúsí. Ó ní bàbá òun ò kọ̀ ọ́, ó kàn ní ọwọ́ òun Hafeezat ni ọ̀rọ̀ kù sí. Inú mi dùn, mo sì fi fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí hàn án kí àánú rẹ lè ṣe é, èyí tí o dùbúlẹ̀ sínú àwọ̀n tí wọ́n so sáàárín igi àgbọn méjì, kọ̀ǹpútà lórí ikùn. Mo ní wo bó ṣe ń jìyà. Ó wò ó títí. Ó ní, Màmá, ta ló ya fọ́tò yìí? Mo ní fóònù ayé ìsinsìnyí a máa ya ara rẹ̀. Ó fi ìka hàn mí, òjìji kan nà lórí iyanrìn dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, irun rẹ̀ gùn. Mo ní igi àgbọn ni. Hafeezat ní igi àgbọn kì í gbọ́wọ́ sókè mú fóònù.

Kò sunkún. Ó bó ẹ̀gúsí náà tán, ó fọwọ́, ó ní kí n sọ fún ọ pé lọ́jọ́ Jimọ̀ tó máa kẹ́yìn oṣù yìí, lẹ́yìn ìrun, òun á wà ní gáréèjì Ọ̀mù-Àrán. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òun á gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ dé òpin, kódà bó pẹ́. Bó bá jẹ́ fóònù ló dún, òun ò ní gbé e.

Ọmọ mi, irọ́ tí mo pa nítorí rẹ lọ́sẹ̀ yìí tó gẹ́ẹ́. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkọ̀ tó tètè gbéra, kó pa omi lẹ́nu mọ́ fún ọ, kó má ṣe jẹ́ kí dídúró sú ẹni tó tọ́ sí ọ. Ọmọbìnrin yẹn ti jáde, mo ń wò ó lọ lójú ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù.