Ariwo Inú Ẹ̀rọ Ìyá Rẹ Ti Dákẹ́

Adúmáadán ọmọ mi, mo ti borí! Kọ̀ǹpútà ìyá rẹ ti tàn. Ó tàn yanran bí ojú ọmọ tuntun, ariwo kọ̀-kọ̀-kọ̀ tó ń pa tẹ́lẹ̀ sì ti dákẹ́ pátápátá. Èmi bàbá rẹ tí mi ò kọjá kíláàsì kejì, èmi ni mo ṣe é.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ẹ ná. Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ ẹ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí ẹ gbé ṣe. Ọ̀nà tó o bá tọ̀, ọ̀nà náà á ti jẹun yó kó o tó débẹ̀. Ara tèmi le, àfi ìbàdí tó ń dùn mí. Pákó ti wọ́n, òjò wọ ṣẹ́ẹ̀dì, mo ti fi páànù tuntun bò ó. Ilé ló dákẹ́ jù. Má wo bí mo ṣe kọ̀wé o, o mọ̀ pé ìyá rẹ ló máa ń tẹ lẹ́tà mi, èmi á máa sọ, òun á máa tẹ̀ ẹ́, á sì máa yọ irọ́ ibẹ̀ kúrò. Báyìí kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́.

O mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ le, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó jókòó síwájú ẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun bá ẹ sọ ló wà níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú rẹ. Èmi ọkọ ẹ̀ gan-an, mi ò gbọ́ ọ. Nígbà tó o wá sìnkú ẹ̀, o ní ọkàn rẹ ò tíì gbà á, kó ṣì wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá lo wá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá lórí òrùlé gbogbo ayé, ta ló mọ ẹni tó máa nawọ́ gán an? Ohùn ìyá rẹ kì í ṣe ohun à ń sọ lókò.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn nínú ara ẹ̀, tí kò tàn mọ́. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì, èyí tá à ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án, torí bó ṣe máa ń ké mọ́ oníbàárà nìyẹn. Ó ní háàdì ló ń kú lọ, ìyẹn yàrá tí gbogbo ẹrù ẹ̀rọ wà. Ó ní ká ra tuntun, ká wá tún ètò tó ń darí ẹ̀rọ tò sínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kó dúró ná. Ẹni tó ń pààrọ̀ òpó ilé kì í sọ ti àtijọ́ nù kí tuntun tó gbé òrùlé. Mo ní kó yọ háàdì àtijọ́ yẹn, kó gbé e lé mi lọ́wọ́, kó wá lọ fi ti tuntun ṣe bó bá ṣe wù ú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Mo ní mo mọ̀.

Ó de háàdì tuntun mọ́ inú ẹ̀rọ, ó ki fúláàṣì tí ètò wà nínú ẹ̀ bọ̀ ọ́ nídìí, ètò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀rọ ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá! Ó ní àdéhùn kan wà, ká gbà á. Mo ní èmi kì í gba ohun tí wọn ò kà fún mi, bí mo ṣe ra ilẹ̀ tí mo kọ́lé sí nìyẹn. Má-Fọwọ́-Kàn-Án kà á, ó kà á títí itọ́ gbẹ lẹ́nu ẹ̀, ló bá ní kí n wo ẹyẹ kan lóde. Kí n tó yíjú padà, ó ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọkọ́mọ.

Ẹ̀rọ wá béèrè pé ta ló ni òun. Má-Fọwọ́-Kàn-Án fẹ́ kọ orúkọ mi, mo ní rárá, kó kọ ti ìyá rẹ. Nǹkan kan ń yí òbìrìkìtì lójú ẹ̀ títí, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé Káàbọ̀, ó fi orúkọ ìyá rẹ sí i. Mo ní kí Má-Fọwọ́-Kàn-Án lọ ra omi wá fún mi. Òǹgbẹ ò gbẹ mí.

Inú ẹ̀ ṣófo bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Nígbà tí Má-Fọwọ́-Kàn-Án dé, ó ní kí n gbé háàdì àtijọ́ padà wá lọ́jọ́ kejì, òun á fi wáyà so ó, òun á rọra kó ẹrù inú ẹ̀ sínú tuntun, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣì lè ṣe é kó tó kú.

Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ. Kọ̀-kọ̀-kọ̀ yẹn, gbogbo ayé mi ni mo fi ń gbọ́ ọ nínú pákó. Kòkòrò ni. Pákó tí kòkòrò bá ń jẹ, tó o bá tò ó ti tuntun, àwọn méjèèjì ló máa di ìyẹ̀fun. Ṣé kí n wá kó kòkòrò wọ ilé tuntun ìyá rẹ ni? Mo yẹ háàdì yẹn wò, mo rí ihò tíńtín kan lára ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ òyìnbó tí mi ò lè kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní, ibi tó gbà wọlé rèé. Mo ro kẹrosíìnì sí i díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe fún igi olówó iyebíye, mo wá sá a sórí páànù títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí Má-Fọwọ́-Kàn-Án so wáyà mọ́ ọn, kẹ́kẹ́ pa. Mo pàtẹ́wọ́. Òun ò pàtẹ́wọ́. Ó gbé e sétí, ó gbóòórùn ẹ̀, ó bi mí ohun tí mo ṣe, mo sì gbéra ga, mo sọ fún un. Kò ké mọ́ mi. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù, ọkùnrin tó ń ké torí pé wọ́n fọwọ́ kan tábìlì. Ó kàn rọra ní Bàbá, ihò tó fi ń mí nìyẹn.

Látìgbà yẹn, bí ẹ̀rọ ìlagi ti ń pariwo tó, mi ò gbọ́ ọ. Mi ò sọ pé mo ṣàṣìṣe o. Igi tí mo bá tọ́jú kì í jẹrà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé igi kọ́ ni, ta ló yẹ kó ti sọ fún mi?

Ẹnì kan wà nílùú kejì tó ń ṣí irú háàdì bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí eruku ò lè wọ̀, tó ń wọ ìbọ̀wọ́ bíi dókítà. Ọwọ́ ẹ̀ ló wà báyìí. Ó ní kẹrosíìnì ti dé orí àwo tí ohùn wà, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ó ní òun lè rí gbogbo ẹ̀ yọ, òun lè rí ìlàjì, òun sì lè má rí ju ibi tí ìyá rẹ ti pe orúkọ rẹ lọ. Mo ní tó bá jẹ́ orúkọ rẹ nìkan, kó yọ ọ́. Mo ní kó di etí ẹ̀ méjèèjì nígbà tó bá ń yọ ọ́.

Mo ná owó iṣẹ́ ẹ̀ bí ẹni ń ra pákó, kò já a sílẹ̀. Mo ti ta ẹ̀rọ ìfági mi, mo ti san èyí tí mo rí. Mi ò tọrọ owó lọ́wọ́ ọmọ rí, ìwọ náà mọ̀. Má gba báńkì o, torí ẹ̀rọ ara ògiri wọn gbé káàdì mi mì, mo dúró tì í kó bì í, kò bì í. Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá ni kó o fi owó náà rán. Ọlọ́run á gbé ẹni tó máa bá ẹ gbé ẹrù pàdé ẹ. Àwọn ọmọ tó o bá bí, ohùn rẹ á pẹ́ létí wọn.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ló kù. Ẹni tó ń yọ ohùn yẹn ní tó bá kọjá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò ní sí nǹkan tí òun máa yọ mọ́.